Bí Ọkọ̀ Rélùwéè Bá Dá Wa Dúró ní Ìlú Àjèjì

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti dúró rí ní ibùdókọ̀ rélùwéè, tí a ń wo ojú irin títí ojú fi ń ro wá. Láti ọdún 1901, tí ọ̀nà irin ti so Èkó pọ̀ mọ́ Ìbàdàn, ni àwọn ènìyàn wa ti ń kọ́ sùúrù lẹ́bàá rẹ̀. Ní ọdún 2021 ni ọ̀nà irin titun, tí ó jẹ́ oníbejì, bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láàárín ìlú méjèèjì. Ó yá ju ti ìṣáájú lọ, ṣùgbọ́n kò sí ọkọ̀ kan láyé tí kò lè pẹ́. Nítorí náà ó yẹ kí a mọ ohun tí a ó ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a fi olùkọ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó wọ ọkọ̀ ní Èkó. Ó níláti wà ní Ìbàdàn ní agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nítorí òun ni yóò mójútó àwọn ọmọ tí ó fẹ́ ṣe ìdánwò. Ọkọ̀ dé Abẹ́òkúta, ó dúró. A sì wí fún àwọn èrò pé kò ní í lọ mọ́ ní ọjọ́ náà. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Kí ni kí ó ṣe?

I. Kí ó mọ ìdí rẹ̀. Lórí ọ̀nà irin kan ṣoṣo, ọkọ̀ méjì kò lè kọjá lára ara wọn bí kò ṣe níbi tí irin gbé pín sí méjì. Bí ọ̀kan bá pẹ́, èkejì níláti dúró dè é. Àgbàrá òjò a máa wọ́ ilẹ̀ kúrò lábẹ́ irin. Màlúù a máa dá sọ́nà. Ẹ̀rọ pàápàá a máa dákẹ́. Ọkọ̀ ojú irin wúwo, kò sì lè dúró lójijì bí ọkọ̀ títì. Nítorí náà awakọ̀ kò gbọdọ̀ lọ títí a ó fi fún un ní àmì pé ọ̀nà mọ́. Ìdádúró mìíràn ni ó ń gba ẹ̀mí wa là. Ẹni tí ó mọ èyí kò ní í bú òṣìṣẹ́ tí ó dúró níwájú rẹ̀, tí kì í ṣe òun ni ó ba ẹ̀rọ jẹ́.

II. Kí ó béèrè. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Nígbà wo ni ọkọ̀ yóò tún lọ? Tíkẹ́ẹ̀tì òní yóò ha ṣiṣẹ́ lọ́la bí, tàbí a ó dá owó padà? Kí ó sì pa tíkẹ́ẹ̀tì náà mọ́, nítorí òun ni ẹ̀rí rẹ̀.

III. Kí ó ránṣẹ́ kí iná tó tán nínú fóònù rẹ̀. Kí ó sọ fún ilé, kí ó sì bẹ olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí ó múra láti dúró fún òun. Kí ó má ṣe wí pé, “Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé,” nígbà tí ó ṣì jókòó sí Abẹ́òkúta. Ẹni tí a sọ òtítọ́ fún yóò wá ọ̀nà mìíràn; ẹni tí a tàn jẹ yóò máa wo ọ̀nà lásán, àwọn ọmọ ni yóò sì jìyà rẹ̀.

IV. Kí ó má ṣe fi ìkánjú wọ ọkọ̀ òru. Láti Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn kò ju nǹkan bí 80 kìlómítà lọ, èyí ni ó sì ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. Ṣùgbọ́n òkùnkùn a máa bo kòtò mọ́lẹ̀, oorun a sì máa kun awakọ̀. Bí olùkọ́ wa bá jáde bí ilẹ̀ ti ń mọ́, ó lè dé kí agogo mẹ́sàn-án tó lù. Bí kò bá sì dé, ẹni tí ó ti ránṣẹ́ sí ti ń bẹ níbẹ̀. Ìdánwò ní ọjọ́ mìíràn. Ẹ̀mí kò ní àrọ́pò.

V. Kí ó wá ibi tí yóò sùn. Láderin ni ibùdókọ̀ titun ti Abẹ́òkúta wà, kò sí ní àárín ìlú; nítorí náà kí òun àti èrò mìíràn jọ wọ ọkọ̀ lọ sí ìgboro kí òru tó jin, kí wọn sì dá iye owó kí wọn tó gbéra. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran: kí ó béèrè ilé ìtura lọ́wọ́ ọmọ ìlú, kí ó wo yàrá kí ó tó san owó, kí ó sì sọ orúkọ ibẹ̀ fún àwọn ará ilé rẹ̀. Bí ìyá ọlọ́mọ tàbí arúgbó bá wà láàárín èrò, tiwọn ni kí a kọ́kọ́ tọ́jú.

VI. Bí iṣẹ́ kò bá kán wa lójú, kí a jẹ èrè ìdádúró. Ní Abẹ́òkúta a lè gun Olúmọ, àpáta tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí abẹ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n tẹ ìlú náà dó ní 1830. A lè wo àdìrẹ ní ọjà Ìtòkú, kí a sì jẹ láfún gbígbóná. A lè rí ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ ní Aké. Ní ìlú yìí kan náà ni Henry Townsend gbé bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròhìn jáde ní 1859, ìwé ìròhìn àkọ́kọ́ ní èdè wa. Olùkọ́ tí ó bá rí nǹkan wọ̀nyí kò ní í padà sí kíláàsì rẹ̀ lọ́wọ́ òfo.

Ìbéèrè fún ẹ̀kọ́ yìí:

1. Èéṣe tí awakọ̀ ojú irin fi níláti dúró de àmì?
2. Ta ni irọ́ arìnrìn-àjò tí ó pẹ́ lè pa lára?
3. Bí ọkọ̀ bá dá ọ dúró ní ìlú tìrẹ, àlejò wo ni o lè ràn lọ́wọ́, báwo sì ni?