Bí A Ti Ń Ya Àwòrán Kòkòrò Ẹ̀yìnkùlé Kí Ó Lè Hàn Gbangba

Ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ pọ̀ ní Ọ̀tà àti Sàngó-Ọ̀tà, ilé ibùgbé sì ti gba púpọ̀ nínú ilẹ̀ tí ó jẹ́ oko ní àtijọ́. Síbẹ̀, àwọn ènìyàn ṣì ń gbin àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ilá sí ẹ̀yìnkùlé wọn. Níbẹ̀ ni alángbá, ìgbín, alántakùn, labalábá àti oríṣiríṣi kòkòrò ń gbé. Ẹni tí ó bá ní fóònù tí ó ní kámẹ́rà lè ya àwòrán wọn. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe eré lásán, nítorí pé àwòrán tí ó hàn gbangba lè gba irè oko sílẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016 ni a rí kòkòrò àjèjì kan tí ń jẹ àgbàdo ní Ìbàdàn àti ní Ìkẹ́nnẹ́. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti ṣẹ̀ wá. Fall armyworm ni orúkọ tí àwọn Òyìnbó ń pè é. Ní ọdún kan náà ni a rí i ní Benin àti Togo. Ó jọ àwọn kòkòrò mìíràn tí àgbẹ̀ ti mọ̀, ṣùgbọ́n àmì méjì ni ó yà á sọ́tọ̀. Èkínní ni ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ kan ní iwájú orí rẹ̀, tí ó dà bí lẹ́tà Y tí a dorí rẹ̀ kodò. Èkejì ni àmì dúdú mẹ́rin nítòsí ìdí rẹ̀, tí wọ́n tò bí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àpótí. Kòkòrò náà kì í sábà gùn ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ. Bí àwòrán bá ṣe bàìbàì, àwọn àmì wọ̀nyí kò ní hàn rárá.

Kùtùkùtù òwúrọ̀ ni ó dára jù fún iṣẹ́ yìí. Nígbà náà, ara kòkòrò kò tíì yá, ìmọ́lẹ̀ sì tutù. Oòrùn ọ̀sán gangan a máa bo ara rẹ̀ ní òjìji dúdú. Kí ayàwòrán kọ́kọ́ fi aṣọ mímọ́ tí ó fẹ́lẹ́ nu eruku kúrò lójú kámẹ́rà. Kí ó má ṣe sún mọ́ kòkòrò náà jù, nítorí pé kámẹ́rà kì í ríran dáadáa bí nǹkan bá súnmọ́ ọn kọjá ìwọ̀n. Bí àwòrán bá ń ṣú, kí ó fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi mọ́. Kí ó fi ìka kan orí kòkòrò náà lójú fóònù, kí ó fi ìgbọ̀nwọ́ ti ara rẹ̀, kí ọwọ́ má baà gbọ̀n. Kí ó ya orí, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ àti ewé tí kòkòrò náà jẹ, kí ó sì fi igi ìṣáná kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí a lè mọ bí ó ti tóbi tó.

Lẹ́yìn èyí ni títún àwòrán ṣe. Kí ó gé ohun tí kò wúlò ní etí rẹ̀ kúrò, kí ó sì fi ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ kún un. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe yí àwọ̀ rẹ̀ padà, nítorí pé àwọ̀ wà lára ohun tí a fi ń dá kòkòrò mọ̀. Ohun tí kámẹ́rà kò rí, àtúnṣe kò lè dá a padà. Kí ó tọ́jú àwòrán àkọ́kọ́ láìfọwọ́ kàn án.

Kí ó wá fi àwòrán náà han òṣìṣẹ́ tí ń kọ́ àwọn àgbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀tá àgbàdo ni, ẹni tí oko rẹ̀ kéré lè máa fi ọwọ́ ṣa kòkòrò náà àti ẹyin rẹ̀ ní àràárọ̀, kí ó sì tẹ̀ wọ́n pa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí ń rìn nínú ọgbà ni ọ̀tá. Alángbá àti alántakùn a máa pa kòkòrò jẹ. Nítorí náà, kí a wo àwòrán dáadáa kí a tó gbé oògùn apakòkòrò.