Ìmọ́lẹ̀ ní Ìgbà Lẹ́ńtì: Ọkùnrin tí a bí ní Afọ́jú

Ní Ọjọ́ Ìsinmi kẹrin Lẹ́ńtì, lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún mẹ́ta, Ìjọ Àgùdà a máa ka orí 9 nínú Ìhìnrere Jòhánù, èyí tí í ṣe ìtàn ọkùnrin tí a bí ní afọ́jú. Níbi tí àwọn àgbàlagbà bá ti ń múra fún ìrìbọmi, a lè kà á lọ́dọọdún. Ètò ìmúra àtijọ́ yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ kí Róòmù tó tún gbé e kalẹ̀ ní 1972. Ó yẹ kí àwa pẹ̀lú, tí a ń pa Lẹ́ńtì mọ́, wádìí ìdí rẹ̀ tí a fi yan ìtàn yìí fún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀.

Ìdí kan kò jìnnà. Justin, tí a pa ní Róòmù nítorí ìgbàgbọ́ ní nǹkan bí ọdún 165, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìtànmọ́lẹ̀ ni àwọn Kristẹni ń pe ìrìbọmi. Ní Jerúsálẹ́mù, ní nǹkan bí ọdún 350, Cyril kọ́ àwọn tí a ó rì bọmi ní ìgbà Lẹ́ńtì. Ẹ̀kọ́ tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ fi hàn pé wọn a dúró ní ìloro ilé ìrìbọmi, wọn a kọjú sí ìwọ̀ oòrùn tí í ṣe ìhà òkùnkùn, wọn a na ọwọ́ wọn, wọn a sì kọ Sátánì bí ẹni pé ó dúró níwájú wọn. Lẹ́yìn èyí ni wọn a yí padà sí ìlà oòrùn láti jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ wọn. Ẹ kíyè sí i pé wọn kò ṣe bí ẹni pé òkùnkùn kò sí. Wọ́n kọ́kọ́ wò ó lójú ná.

Obìnrin arìnrìn-àjò kan, Egeria, tí ó wà ní ìlú náà láti 381 títí di 384, ròyìn pé wákàtí mẹ́ta lójúmọ́ ni a fi ń kọ́ wọn. Ó tún ní, nígbà ìsìn alẹ́, a kì í mú iná wá láti òde: láti inú ihò ibojì Olúwa, níbi tí fìtílà kan ti ń jó tọ̀sán tòru, ni a ti ń mú un jáde. Èyí dùn mọ́ wa púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí ọ̀dọ̀ ọkùnrin náà. Olúwa fi amọ̀ pa á lójú, ó rán an lọ sí adágún Sílóámù. Ó wẹ̀, ó sì ríran. Bí ó bá jẹ́ pé ìran ojú nìkan ni ọ̀ràn náà, ẹsẹ 7 ìbá ti parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ 41 ni orí náà ní. Nígbà tí àwọn aládùúgbò bi í léèrè, ohun tí ó mọ̀ kò ju orúkọ ẹni tí ó wò ó sàn lọ. Kò tilẹ̀ mọ ibi tí ó wà. Níwájú àwọn Farisí, ó pè é ní wòlíì. Nígbà tí wọ́n gan án, ó dúró lórí i pé láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni ó ti wá. Ìgbà tí wọ́n lé e jáde tán ni Olúwa wá a rí, tí ó sì wólẹ̀ fún un. Bí ilẹ̀ ti ń mọ́ fún un, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣú mọ́ àwọn tí ó gbà pé àwọn ríran.

Àwọn òbí rẹ̀ mọ òtítọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kí a má lé wọn kúrò nínú sínágọ́gù bà wọ́n, wọ́n sì ti ọ̀ràn náà sí ọmọ wọn lọ́rùn. Kí a má ṣe yára dá wọn lẹ́jọ́. Ta ni kò mọ bí ó ti rí kí ará ilé àti ẹbí kẹ̀yìn sí ènìyàn? Síbẹ̀ ẹni tí ń ṣagbe títí di ọjọ́ náà ni ó dá dúró.

Nítorí náà ni a fi ń bẹ àwọn olùkọ́ kíláàsì ìrìbọmi. Olùkọ́ mìíràn a máa fẹ́ gbọ́ ìjẹ́wọ́ ẹsẹ 38 lẹ́nu ẹni tí kò tíì kúrò ní ẹsẹ 11. Bí ẹni náà bá ti há a sórí, olùkọ́ a ní ó ti mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin yìí kò purọ́ ohun tí kò mọ̀. Ó ní òun kò mọ̀, ó sì di ìwọ̀nba tí ó mọ̀ mú ṣinṣin. Ẹni tí ó bá lè sọ bẹ́ẹ̀ nínú kíláàsì, kí a má ṣe fi í ṣe ẹlẹ́yà.

Kí olùkọ́ pín orí náà sí mẹ́rin: ẹsẹ 1 sí 12, 13 sí 23, 24 sí 34, àti 35 sí 41, kí ó sì lo ọ̀sẹ̀ kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà gbogbo, kí ó bi wọ́n léèrè pé: Kí ni ọkùnrin yìí mọ̀ nípa Jésù nísinsìnyí? Ta ni ń bẹ̀rù, kí sì ni ó ń bà á lẹ́rù? Kí ó dúró de ìdáhùn, bí ó tilẹ̀ pẹ́.