Ọ̀rá Inú Iṣan

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń jókòó sínú ọkọ̀ láti Abúlé Ẹ̀gbá dé Òṣòdì, tí ẹ tún ń jókòó níbi iṣẹ́ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ẹ gbọ́. Iṣan ẹran ara ló ń gba ọ̀pọ̀ ṣúgà tí a jẹ. Ínsúlínì, èròjà kan tí ara ń ṣe, ló ń ṣílẹ̀kùn fún un. Bí ọ̀rá bá kún inú iṣan tí a kò lò, ó ń dí ínsúlínì lọ́wọ́. Ọ̀rá ikùn náà ń pe ọmọ-ogun ara jáde, bí ẹni pé àrùn wọlé, ìjà yẹn sì ń dá kún wàhálà náà. Ṣúgà á há sínú ẹ̀jẹ̀, èyí sì lè di àtọ̀gbẹ. Àwọn eléré ìje náà ní ọ̀rá nínú iṣan o, àmọ́ wọ́n ń lò ó! Ẹ sọ̀kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ kan ṣáájú tiyín, kí ẹ rìn: iṣan tó ń ṣiṣẹ́ kì í dúró de ínsúlínì kó tó gba ṣúgà. Ẹni tí àtọ̀gbẹ bá wà nínú ẹbí rẹ̀, kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.