Oyin Dúdú Orí Òrùlé

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi tó wà ní Amẹ́ríkà sọ pé àwọn oyin ńlá onírun ibẹ̀ ti ń kú tán, pé ìjọba ń wá bí wọn ò ṣe ní parun. Irú wọn ló kún òrùlé mi ní Ọ̀fà yìí, wọ́n ti dá igi lu káàkiri! Mo ti ra oògùn. Ṣé kí n fín in? – Màmá Oníkàn.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé oògùn yẹn sílẹ̀ ná. Òótọ́ lọmọ yín sọ. Lọ́dún 2017, ìjọba Amẹ́ríkà fi ọ̀kan nínú àwọn oyin onírun wọn, Bombus affinis, sára àwọn ẹ̀dá tó fẹ́ parun. Àmọ́ kò sí Bombus kankan lápá ìhín aṣálẹ̀ Sàhárà. Xylocopa lèyí tó wà lórí òrùlé yín, tiwa-n-tiwa ni.

Kì í jẹ igi bí ikán. Abo ló ń fẹnu gbẹ́ ẹ, táá máa da èyí tó gbẹ́ sílẹ̀ bíi gààrí. Nínú ihò, á po lẹ́búlẹ́bú òdòdó mọ́ omi dídùn rẹ̀, á yé ẹyin kan lé e, á dí i, á tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Akọ tó ń dúró lófuurufú níwájú yín bí ẹni fẹ́ jà kò lè ta yín rárá. Abo lè ta èèyàn, àmọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ àfi tẹ́ ẹ bá fọwọ́ mú un.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ìdí ikàn yín gan-an. Ihò wínníwínní ni lẹ́búlẹ́bú òdòdó ikàn ń gbà jáde. Oyin tó ń ṣe afárá kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ̀n ọ́n. Oyin dúdú yìí á dì mọ́ òdòdó, á gbọn ara pìpì, ẹ ó gbọ́ tí ohùn rẹ̀ yí padà, lẹ́búlẹ́bú á sì tú dà sí i lára. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2008 láti oko ikàn ní Kẹ́ńyà fi hàn pé Xylocopa caffra wà lára àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí. Ikàn lè so díẹ̀ láìsí wọn, àmọ́ èso tó jọjú ń fẹ́ àbẹ̀wò wọn. Ẹ lọ wò ó láàárọ̀, kí oòrùn tó mú.

Lójú tèmi, àwa la lé wọn wọlé. Igi gbígbẹ inú oko ni ilé wọn. A gé e fi sun èédú, iná ọ̀gbẹlẹ̀ sì jó ìyókù. Ẹ kun igi òrùlé lọ́dà, torí igi tí a ò kùn ni wọ́n fẹ́ràn, kẹ́ ẹ sì fi ẹ̀ka gbígbẹ díẹ̀ sílẹ̀ létí oko.

Ẹ má sì gbé oògùn inú ilé yẹn lọ sóko o, ẹnu làwa ń fi ikàn sí! Ẹ bi ẹni tó tà á bóyá ó máa gbà á padà.