Àrùn Kò Mọ Ibodè: Ẹ̀kọ́ Tí Pólíò Kọ́ Àwa àti Aládùúgbò Wa

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí bí àwọn orílẹ̀-èdè tó múlé ti ara wọn ṣe ń fọwọ́ sowọ́ pọ̀ láti dènà àrùn tó ń ràn.

Àwa tí a ń gbé nílẹ̀ Yorùbá mọ̀ pé ibodè kò pín ẹbí. Ẹni tó ń gbé ní Ìdí-Ìrókò lè ní ìyá àgbà ní Kétu. Ẹni tó ń gbé ní Àjàṣẹ́ ń wá ra ọjà l'Ékòó. A ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ, a ń lọ síbi wòlímọ̀, a sì ń gbé àwọn ọmọ wa dání. Bí ènìyàn bá ti ń kọjá, kòkòrò àrùn náà lè bá a kọjá. Àpẹẹrẹ tí a ó fi kọ́ ẹ̀kọ́ ni àrùn rọpárọsẹ̀, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí pólíò.

Ìdí tí orílẹ̀-èdè kan kò fi lè dá a ṣẹ́gun

Inú ìgbẹ́ ẹni tó ní kòkòrò náà ló ń gbà jáde. Láti ibẹ̀ ni yóò ti bọ́ sínú omi, sára ọwọ́ tàbí sínú oúnjẹ, títí yóò fi dé ẹnu ọmọ mìíràn. Nínú bíi 200 ọmọ tó bá kó o, ọ̀kan péré ni apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń rọ. Àwọn yòókù á máa ṣeré kiri, síbẹ̀ wọ́n ń tàn án kálẹ̀. Kò sí aṣọ́bodè tó lè wo ojú ọmọ kó mọ̀. Kò sì sí oògùn tó ń wò ó sàn. Àjẹsára ni ààbò. Bí a bá fún àwọn ọmọ ìhà ìhín lónìí, tí ìhà ọ̀hún kò fún tiwọn, kòkòrò náà yóò wà níbẹ̀, yóò sì padà wá bá àwọn ọmọ tí a bá bí lẹ́yìn náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láti 2003 sí 2005

Ní 2003, àwọn ìpínlẹ̀ kan ní òkè ọya, pàápàá Kánò, dá àjẹsára pólíò dúró nítorí àhesọ pé ó ń sọ ọmọ di àgàn. Àwọn òbí tó gbà á gbọ́ kì í ṣe ọ̀tá ọmọ wọn. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Ṣùgbọ́n kí Kánò tó tún bẹ̀rẹ̀ ní 2004, kòkòrò tó ti Nàìjíríà jáde ti dé Bẹ̀nẹ̀, Tógò, Gánà, Bùrùkínà Fásò, Kamẹrúùnù àti Ṣáàdì.

Indonéṣíà, ilẹ̀ tí Mùsùlùmí pọ̀ sí gan-an, ni wọ́n ti ṣe àjẹsára tí Kánò gbà láti fi bẹ̀rẹ̀ padà. Ní 2005, kòkòrò tí orírun rẹ̀ jẹ́ Nàìjíríà dé Indonéṣíà kan náà, tí kò rí pólíò fún bíi ọdún 10. Nǹkan bí ọmọ 300 ló rọ níbẹ̀. Ẹni tó ràn wá lọ́wọ́ ni àrùn tiwa lọ bá nílé.

Bí wọ́n ṣe pawọ́ pọ̀

Ní oṣù Kẹwàá 2004, orílẹ̀-èdè 23 ní Áfíríkà jọ ń fún àwọn ọmọ ní àjẹsára lákòókò kan náà. Bíi mílíọ̀nù 80 ọmọ ni wọ́n ń lépa. Nígbà tí àrùn náà tún yọjú ní Bọ̀rnó ní 2016, lẹ́yìn ọdún méjì tí a kò gbúròó rẹ̀, Nàìjíríà àtàwọn tó yí Adágún Ṣáàdì ká tún jọ dìde. Àwọn ọba àti lèmọ́mù náà, pẹ̀lú Súlútáánì Ṣókótó, bá àwọn òbí sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ 2020, wọ́n kéde pé ojúlówó kòkòrò pólíò kò sí mọ́ ní ẹkùn Áfíríkà ti Àjọ Ìlera Àgbáyé.

Iṣẹ́ kò tíì parí. Kòkòrò tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára nínú àjẹsára tí a ń kán sẹ́nu lè máa ti ara ọmọ kan bọ́ sí òmíràn níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ kò ti gbà á, títí yóò fi yí padà tí yóò sì máa rọ ọmọ. Ohun tó ń dá èyí náà dúró ni kí gbogbo ọmọ gba àjẹsára.

Ìròyìn òótọ́ ni ìpìlẹ̀

Ní ọdún 18 Hijira, Sayyidina Umar ń lọ sí Ṣáámù. Nígbà tó dé Sargh, Abu Ubaydah àtàwọn olórí ogun jáde wá pàdé rẹ̀, wọ́n sì sọ fún un pé àjàkálẹ̀ àrùn ti wọ ilẹ̀ náà. Ó fọ̀rọ̀ lọ àwọn Sàhábà, ó sì pinnu láti padà. Abdur-Rahman ọmọ Awf wá jẹ́rìí pé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti kọ́ wọn pé kí ènìyàn má wọ ìlú tí irú àrùn bẹ́ẹ̀ wà, kí ẹni tó wà níbẹ̀ má sì sá jáde. Ẹ kíyè sí i pé àwọn ará Ṣáámù kò fi àrùn náà pamọ́. Ìròyìn wọn ló jẹ́ kí Umar mọ ohun tí yóò ṣe.

Ipa tiwa

1. Bí apá tàbí ẹsẹ̀ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 bá ṣàdédé rọ, ẹ sọ fún ilé ìwòsàn ìjọba tó súnmọ́ yín lọ́jọ́ náà gan-an. Wọn yóò gba ìgbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì fún àyẹ̀wò kí ọjọ́ 14 tó pé. Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ kọjá nítorí pé wọ́n ní ayé ló ń ṣe é.

2. Ẹ gbé káàdì àjẹsára ọmọ dání bí ẹ bá ń rìnrìn àjò. Bí àwọn alájẹsára bá bá yín ní Kétu tàbí Kútọnu, ẹ jẹ́ kí ọmọ gbà á. Bó bá ti gbà á tẹ́lẹ̀, àfikún kò ní pa á lára.

3. Ẹ wo ìgò àjẹsára náà. Àmì onígun mẹ́rin kan wà láàrin òbìrí lára rẹ̀. Bí onígun mẹ́rin náà bá ṣì mọ́lẹ̀ ju òbìrí lọ, ooru kò tíì bà á jẹ́.

4. Ẹ fi ọṣẹ fọwọ́ lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀ àti ṣáájú oúnjẹ. Omi àlùwàlá nìkan kò tó. Ẹ jẹ́ kí ọṣẹ wà ní ilé ìyàgbẹ́ mọ́sálásí wa.

Ẹ̀tọ́ aládùúgbò lórí Mùsùlùmí tóbi, ẹni tó wà lódìkejì ibodè sì jẹ́ aládùúgbò. Kí Ọlọ́hun Ọba Aláàánú dáàbò bo ọmọ tiwa àti ọmọ tiwọn. Àmín.