Oògùn tí ń Mú Omi Ara Jáde àti Oògùn tí ń Gbẹ Ẹ́

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí a bá ti kórè ẹ̀wà tán ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, tí kòkòrò sì ń wá ọ̀nà àtiwọ inú àpò, ni májèlé apakòkòrò ń wọ ilé púpọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni a kọ ẹ̀kọ́ yìí fún, yálà Òmù-Àrán ni ilé yín wà tàbí Ẹ̀sìẹ́; ṣùgbọ́n kí àgbẹ̀ pẹ̀lú kà á.

Iṣan tí ń gbé àṣẹ láti ọpọlọ kì í fi ara kan ibi tí àṣẹ náà ń lọ. Ó ń rán ìránṣẹ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ acetylcholine. Ìránṣẹ́ yìí a jókòó lórí àga tí a tọ́jú fún un, a sì jíṣẹ́: itọ́ a sun, ìfun a yára ṣiṣẹ́, àpò ìtọ̀ a fún pọ̀, ọmọlójú a kéré, ọkàn a sì rọra lù. Bí ó ti jíṣẹ́ tán, agbálẹ̀ kan a gbá a kúrò lójú kan náà; acetylcholinesterase ni a ń pe agbálẹ̀ náà. Oògùn tí ó bá ran ìránṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ni cholinergic; irú rẹ̀ ni neostigmine, tí í dá agbálẹ̀ dúró fún ìgbà díẹ̀. Oògùn tí ó bá gba àga mọ́ ọn lọ́wọ́ ni anticholinergic. Irú rẹ̀ ni atropine: ó jókòó lórí àga, kò sì sọ ohunkóhun.

Wàyí o, dichlorvos, tí àwọn ará ọjà mọ̀ sí Sniper, agbálẹ̀ náà ni ó ń dè lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀. Bí ó ti ń pa kòkòrò ni ó ń pa ènìyàn. Ní ọdún 2015 àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù kọ ẹ̀wà gbígbẹ wa nítorí rẹ̀, ní ọdún 2019 ni àjọ NAFDAC sì fi òfin de títà ìgò kékeré rẹ̀ ní ọjà gbangba. Àpò onípele mẹ́ta tí a so pinpin, tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, ń pa kòkòrò ẹ̀wà láìsí májèlé rárá.

Ẹ jẹ́ kí a wí pé a gbé àgbẹ̀ kan dé, tí ó fi ọwọ́ lásán da apakòkòrò sí ẹ̀wà nínú yàrá tí a ti fèrèsé rẹ̀ pa. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, omijé ń bọ́, òógùn bò ó, ó ń bì, ó ń yàgbẹ́, ó tọ̀ sára, ọmọlójú rẹ̀ kéré bí ojú abẹ́rẹ́, àyà rẹ̀ sì ń hó bí ìkòkò. Omi inú ẹ̀dọ̀fóró ni kí a bẹ̀rù jù. Kí nọ́ọ̀sì wọ ìbọ̀wọ́, kí ó bọ́ aṣọ lára rẹ̀, kí ó yí i sí ẹ̀gbẹ́, kí ó fa omi ẹnu rẹ̀ jáde, kí ó fún un ní oxygen, kí ó sì fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀ ẹ́. Epo pupa tí àwọn ìyá wa ń sáré bù sí ẹnu irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ba májèlé yìí jẹ́. Ẹ̀dọ̀fóró ni ó lè gbà lọ. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò ní dùn mọ́ àwọn àgbà.

Dókítà yóò pàṣẹ atropine sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, mílígíráàmù 1 sí 3 fún àgbàlagbà, a ó sì máa sọ ọ́ di ìlọ́po méjì ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Títí di ìgbà wo? Níhìn-ín ni akẹ́kọ̀ọ́ lè ti ṣìnà. Ó rí i pé ọmọlójú ti tóbi, tàbí pé ọkàn ń sáré, ó sì dáwọ́ dúró. Ẹ fi etí sí àyà! Nígbà tí àyà bá gbẹ, tí èémí ń wọlé kedere, tí ọkàn ń lù ju 80 lọ ní ìṣẹ́jú kan, tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sì gòkè, nígbà náà ni ó tó. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé atropine kì í wo ẹran ara tí ń gbọ̀n tí ó sì ń rọ. Ẹni tí àyà rẹ̀ gbẹ ṣì lè ṣe aláìlè mí lóru. A kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀.

Bí atropine bá pọ̀ jù, aláìsàn a dà bí ẹni tí ó jẹ gegemu, ewéko olódòdó bíi fèrè tí èso rẹ̀ kún fún ẹ̀gún. Atropine àti hyoscine wà nínú rẹ̀. Ẹnu a gbẹ, ara a gbóná láìlàágùn, ọmọlójú a fẹ̀, ìtọ̀ a há, aláìsàn a sì máa bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Kí a tó de irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ bí wèrè, kí a wo ojú rẹ̀, kí a sì fi ọwọ́ kan abíyá rẹ̀ bóyá ó gbẹ. Piriton pàápàá ní díẹ̀ nínú ìwà yìí, nítorí náà kí a ṣọ́ra láti fún bàbá arúgbó tí ìtọ̀ ti ń ṣòro fún.

Oògùn tí ó dojú kọ gegemu, ilẹ̀ wa níhìn-ín ni ó ti jáde. Ní Kàlàbá láyé àtijọ́, àwọn Efik a máa fún ẹni tí a bá fẹ̀sùn àjẹ́ kàn ní èso kan, esere, láti jẹ. Ẹni tí ó bá bì í ni a ń dá láre. Ní ọdún 1855 Robert Christison ní Edinburgh jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ní ọdún 1864 ni a yọ physostigmine jáde láti inú rẹ̀, ní ọdún náà gan-an ni a sì fi èso yìí tọ́jú àwọn tí atropine mú ní Prague. Ní ọdún 1934 Mary Walker fi physostigmine gbé obìnrin kan tí ẹran ara rẹ̀ ti rọ dìde ní London. Níbi tí ó bá wà, dókítà ni yóò pàṣẹ rẹ̀, a ó rọra fún un sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, nọ́ọ̀sì yóò sì ti fa atropine sínú abẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn kí a tó bẹ̀rẹ̀.