Ọmọ Tí Kò Fẹ́ Lọ sí Abẹ́òkúta

Obìnrin kan ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìyá rẹ̀ wà ní Abẹ́òkúta, ẹni ọdún 83 ni, kò sì tí ì fojú kan ọmọ-ọmọ rẹ̀ rí. Ọmọ ọdún 15 ni ọmọ náà, ó ní òun kò lọ. "Mọ́mì, mi ò gbọ́ Yorùbá. Wọn á fi mí ṣẹ̀sín."

Ẹ ò rí i? Ìtìjú ni, kì í ṣe oríkunkun. Ìyá rẹ̀ kò bá a jà. Ó ní kí òun fúnra rẹ̀ wá ọkọ̀ òfurufú tí kò wọ́n. Wọ́n gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú nígbà tí ó ku ọjọ́ 10 ó kéré tán kí wọ́n gbéra.

Ní alaalẹ́, ọmọ ń bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ìyá rẹ̀ ń túmọ̀. Ìyá àgbà sọ bí àwọn Ẹ̀gbá ṣe sá sí abẹ́ Olúmọ ní ọdún 1830. "Bí o bá dé, a ó jọ gùn ún."

Ọmọ kò dúró de ògbufọ̀. "Màmá, ẹsẹ̀ yín ńkọ́?"

Ìyá àgbà bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ ni yóò pọ̀n mí!"